Ẹran tí A Ń Kì, Ẹran tí A Ń Pa Run

Ọdọọdún ni mo máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìjálá. Nígbà tí a bá dé orí oríkì ẹranko, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń bi wọ́n: "Ta ni nínú yín ni ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí ìgalà láàyè rí?" Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ọwọ́ díẹ̀ a máa nà sókè, pàápàá jù lọ ọwọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n dàgbà sí abúlé. Ní ọdún tí ó kọjá, ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó nà. Mo ní kí ọmọ náà sọ ohun tí ó rí fún wa. Ó ní òun rí ìgalà kan ní ẹ̀bá títì, wọ́n fi í kọ́ sára igi, ẹni tí ó ni ín sì ń fi í lọ àwọn onímọ́tò. Mo ní, "Láàyè ni mo wí." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Mo parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Kí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí gan-an? Oríkì ẹni tí wọn kò mọ̀, tí wọn kò sì ní mọ̀. A ń fi ẹnu kì ẹran, a ń fi ọwọ́ pa á run, a sì ń pe méjèèjì ní àṣà. Èkejì kì í ṣe àṣà. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí nìyẹn, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ mi bá jọ pàṣán, èmi fúnra mi ni n ó kọ́kọ́ fi nà.

Ní àsìkò ọdún Àjíǹde kan, àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta wá bá mi lálejò ní Èjìgbò. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì, koríko tútù sì ti ń yọ lórí ilẹ̀ tí iná ẹ̀ẹ̀rùn jó. Ọmọ iléèwé kan náà ni gbogbo wa. Ọ̀kan jẹ́ dókítà ní Ìbàdàn, èkejì jẹ́ agbaṣẹ́ṣe ní Èkó, ẹ̀kẹta sì ti Abidjan wálé, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Èjìgbò tí ó jẹ́ pé Côte d'Ivoire ni wọ́n ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn láti ayé àwọn bàbá wa. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń gbọ́ pé mo ń kọ̀wé nípa ọdẹ, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ sígbó, kí àwọn náà lè ṣe àṣà. Inú mi dùn. Mo lọ bá àbúrò bàbá mi kan, àgbà ọdẹ tí oko rẹ̀ wà lápá Ifẹ̀-Ọ̀dàn, pé kí ó ṣáájú wa.

Bàbá kò kọ̀, ṣùgbọ́n ó bẹ̀ wá ní ohun méjì. Ó ní kí a jẹ́ kí ó di ìdájí, nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́, kí a má lọ lóru. Ó sì ní kí a fi ìgalà sílẹ̀, nítorí pé ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí òun ti ń gbọ́ ohùn akọ kan tí ó ń gbó bí ajá lálaalẹ́ lẹ́bàá odò, pé abo ni ó ń wá. Bí ó bá jẹ́ ẹran ni a fẹ́ jẹ, ó ní ọ̀yà ń bẹ.

A kò gba ọ̀kankan nínú méjèèjì. Agbaṣẹ́ṣe ọ̀rẹ́ mi ti ra tọ́ọ̀ṣì ńlá tí a ń so mórí, ó sì ti gbé ìbọn òyìnbó ẹlẹ́nu méjì wá. Kò ní àyè à ń dúró de ìdájí, nítorí pé iṣẹ́ ń pè é ní Èkó. Bàbá tẹ̀ lé wa nítorí pé kò fẹ́ kí a sọnù sínú igbó. Òru ni a lọ. Èmi ni mo so tọ́ọ̀ṣì mórí.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án, a rí ojú méjì tí ó ń tàn nínú koríko, ojú méjì mìíràn sì wà lẹ́yìn wọn. Ìmọ́lẹ̀ orí mi mú wọn lójú, wọn kò lè sá. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀mejì. Ìgalà ni méjèèjì, akọ àti abo. Akọ ni ó ń tẹ̀ lé abo. Bàbá kò sọ nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ ọmú abo náà, wàrà sì jáde. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ọmọ mi, ẹran mẹ́ta ni ẹ pa. Èyí tí ó kéré jù wà ní ibi tí ìyá rẹ̀ fi í pamọ́ sí. Kò ní jáde, nítorí pé ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé kí ó má jáde." Bàbá kò bá wa gbé ẹran náà, kò sì jẹ nínú rẹ̀.

Nígbà tí a dé ilé, agbaṣẹ́ṣe ọ̀rẹ́ mi ní, "Ṣé nítorí ẹran ni a ó ṣe máa fajú ro? Àṣà àwọn bàbá wa ni ọdẹ." Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí, àṣà, ti há sí mi lọ́fun bí egungun ẹja.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: kí ni àṣà nínú iṣẹ́ ọdẹ? Ṣé ìbọn ni? Òwò ni ó gbé ìbọn dé ọ̀dọ̀ wa láti ọwọ́ òyìnbó. Ṣé tọ́ọ̀ṣì ni? Ọjà ni a ti ra tọ́ọ̀ṣì, kò sí ẹni tí ó jogún rẹ̀. Ṣé pípa ẹran gan-an ni? Kìnnìún náà ń pa ẹran, n kò sì tíì gbọ́ kí ẹnìkan sọ pé kìnnìún ní àṣà. Àṣà inú iṣẹ́ ọdẹ ni gbogbo ohun tí ó yí ìró ìbọn ká: ìbà tí a jú fún Ògún kí a tó wọ igbó, èèwọ̀ tí a pa mọ́, sùúrù, ìwòye, àti ẹran tí a pín fún ará ilé àti aládùúgbò nígbà tí a bá dé. Òwe wa sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ìtumọ̀ òwe náà ni pé ọdẹ kì í rò ó. A máa fún ènìyàn jẹ. Bí a bá mú gbogbo nǹkan wọ̀nyí kúrò, tí ó wá ku ìbọn àti òkú ẹran, kí ni ó kù tí a lè pè ní àṣà?

Ẹ wo ìjálá fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1966 ni Adébóyè Babalọlá tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí àkóónú àti ìlànà ìjálá jáde, ẹni tí ó bá sì kà á yóò rí i pé àwọn ọdẹ ní oríkì fún ẹranko, fún ẹyẹ àti fún igi oko. Báwo ni ènìyàn ṣe lè kì ohun tí kò wò dáadáa? Ọdẹ tí ó kọ́kọ́ ṣẹ̀dá oríkì ẹtu ti ní láti mọ ìrìn rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, ibùsùn rẹ̀ àti àwọ̀ ara rẹ̀. Ó ti ní láti dúró wò ó ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí kò yìnbọn rárá. Oríkì ẹran ni àkọsílẹ̀ ohun tí ọdẹ rí nígbà tí ó fi ìbọn sílẹ̀ ní èjìká. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tiwa nìyẹn, ẹnu ni a fi kọ ọ́.

Ẹni tí ó fi tọ́ọ̀ṣì dẹ̀gbẹ́ kò rí ẹran. Ojú méjì tí ó ń tàn ni ó rí. Akọ ìgalà ni ó ní ìwo, abo kò ní. Bí akọ bá sì ti dàgbà, àwọ̀ rẹ̀ a máa dúdú ju ti abo lọ. Lójú ọ̀sán, ọmọdé tí a bá kọ́ lè dá wọn mọ̀. Lójú oníbọn tí ó ń kánjú lẹ́yìn tọ́ọ̀ṣì, akọ kò yàtọ̀ sí abo, olóyún kò yàtọ̀ sí àgàn, ìyá ọmọ kò yàtọ̀ sí ẹni tí kò bímọ. Ojú méjì tí ó ń tàn kò ní oríkì.

N kò sọ pé àwọn bàbá wa kò dẹ òru. Wọ́n dẹ òru. Ṣùgbọ́n fìtílà wọn kò tan ìmọ́lẹ̀ jìnnà, ìbọn ṣakabùlà wọn sì jẹ́ èyí tí ó jẹ́ pé bí ó bá ti dún lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tó rọ ẹ̀tù sí i, kí wọ́n tó tún un kì, ẹran tí ó kù ti dé òdìkejì odò. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni èdè wa fi sọ ọ́: a ń kì ẹran, a sì ń kì ìbọn. Láyé àtijọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé bákan náà ni àkókò tí méjèèjì ń gbà. Ìlọ́ra ìbọn náà ni àánú tí ẹran rí gbà. Nígbà tí ìbọn di ohun tí kò lọ́ra mọ́, ọkàn ọdẹ ni ó yẹ kí ó fi ìlọ́ra kún tirẹ̀. A kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwa ará Èjìgbò ni ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìlú Òrìṣà Ògìyán ni ìlú wa, òrìṣà tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ iyán. Nínú ìlànà ọdún rẹ̀, ọba kì í fẹnu kan iṣu tuntun kí ọdún tó pé. Iṣu ti ta lóko, gbogbo ojú ni ó rí i. Kò sí májèlé nínú rẹ̀, ebi sì lè máa pa ènìyàn. Síbẹ̀ a ń dúró. Ìdúró náà ni ó sọ wá di ìlú, tí a kì í fi í ṣe agbo àwọn ẹni tí ebi ń pa. Ìlú tí ó mọ bí a ti ń dúró de iṣu kò lè sọ pé òun kò mọ bí a ti ń dúró de ẹran.

Nígbà tí mo sọ èyí fún dókítà ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí ó ti gbé Kánádà rí, ó já mi ní koro. Ó ní àwọn òyìnbó tí a fi ń ṣe àwòkọ́ṣe, àsìkò tí akọ ń wá abo gan-an ni wọ́n ń lọ dẹ moose. Òótọ́ ni ó sọ. Moose jẹ́ ẹranko ilẹ̀ olótùútù tí ìrísí rẹ̀ fara jọ ti àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n tí èjìká rẹ̀ ga ju ti ọ̀pọ̀ ẹṣin lọ. Láti àárín oṣù Kẹsàn-án títí di àárín oṣù Kẹwàá ni akọ rẹ̀ ń wá abo kiri. Ní Kánádà àti ní Alaska, àwọn ọ̀rẹ́ a kó ara wọn jọ, wọn a pàgọ́ sínú igbó, ọ̀kan nínú wọn a sì máa sín ohùn abo jẹ, kí akọ lè rò pé ìyàwó ni ó ń pe òun.

Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá sọ ìtàn, kí ó sọ ọ́ tán. Ìwé àṣẹ ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó lọ, iye ẹran tí ẹnìkan lè pa sì ní òǹkà. Ní ọ̀pọ̀ agbègbè ní Alaska, akọ nìkan ni òfin gbà kí a pa. Bí akọ náà kì í bá ṣe ọmọdé tí ìwo rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ìwo rẹ̀ ní láti fẹ̀ tó 50 íǹṣì tàbí kí ó ní iye ẹ̀ka tí òfin là kalẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Òfin náà ń fi agbára mú ọdẹ láti wo ẹran kí ó tó yìnbọn. Ní àríwá Sweden, oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ìdẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí àsìkò tí akọ ń gun abo bá wọlé, wọn a dáwọ́ dúró, ó tún di inú oṣù Kẹwàá. Ẹgbẹẹgbàárùn-ún moose ni wọ́n ń pa ní Sweden lọ́dọọdún, síbẹ̀ kò tán. Kì í ṣe pé wọ́n láàánú ẹran jù wá lọ. Wọ́n ń ka ohun tí ó wà nínú igbó wọn, àwa kò kà á.

Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà tí ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù. Moose ní àsìkò kan ṣoṣo, kàlẹ́ńdà sì lè ṣọ́ ọ. Ìgalà tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí oṣù tí kò lè bímọ; nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni ó ń gbé oyún, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì máa ń bí. Ọmọ kan náà ni ẹtu ń bí. Nítorí náà, kàlẹ́ńdà nìkan kò lè gba ẹran wa là. Ọdẹ tí ó gbọ́ ohùn akọ lálẹ́ tí ó sì mọ ohun tí ó ń wá, ọdẹ tí ó lè dá abo tí ó ní ọmọ lẹ́yìn mọ̀ lójú ọ̀sán, òun ni kàlẹ́ńdà wa. Irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwa ọ̀mọ̀wé fi tọ́ọ̀ṣì àti owó borí ní òru ọjọ́ náà, tí a kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí ìjọba ṣe òfin. Òfin kò wọ́n wa. Láti ọdún 1985 ni Nàìjíríà ti ní òfin lórí àwọn ẹranko tí ó ń parun. Ghana ti ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1971: láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dẹ ẹran ìgbẹ́ níbẹ̀, àfi ọ̀yà, èyí tí wọ́n ń gba ìwé àṣẹ fún. Côte d'Ivoire tilẹ̀ fi òfin de ọdẹ ṣíṣe pátápátá ní ọdún 1974. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi tí ó ti Abidjan wá rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dárúkọ òfin náà. Ó ní ẹran ìgbẹ́ tí òun jẹ ní Abidjan lábẹ́ òfin pọ̀ ju èyí tí òun jẹ ní Èjìgbò lọ. Òfin tí a kò bá ọdẹ ṣe, tí a kò sì bá ẹni tí ń jẹ ẹran ṣe, inú àpótí ìwé ni ó ń sùn. Òfin Ghana sàn lójú mi nítorí pé ó fara jọ ọdún iṣu: kò sọ pé kí a má jẹ, ó sọ pé kí a dúró.

Àwọn mìíràn yóò ní ebi ni. Wọn yóò ní olówó ni èmi, pé ẹni tí ó ń gba owó oṣù ni ó lè máa káàánú ìgalà. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Ta ni ó ń ra ẹran tí a gbé kọ́ sí ẹ̀bá títì? Ṣé aláìní ni? Onímọ́tò ni, àwa tí a ní owó oṣù, àwa tí a fẹ́ràn ẹran ìgbẹ́ pẹ̀lú ẹmu nílé ọtí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọdẹ abúlé ń pa á nítorí pé mọ́tò wa ń dúró. Ẹ sì rántí ọdún 2014. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún náà ni àrùn Ebola wọ Èkó. Wọ́n ní kí a ṣọ́ra fún ẹran ìgbẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì fẹnu kàn án mọ́. Ebi ẹran ìgbẹ́ kò pa ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà, a sì padà sídìí ìkòkò. Oṣù mẹ́ta ni a fi dúró nítorí ẹ̀mí tiwa. Ẹ má sọ fún mi mọ́ pé a kò lè dúró.

Kí ni kí a wá ṣe? Mo ní kí àwọn olórí ọdẹ ní Èjìgbò, Ifẹ̀-Ọ̀dàn, Màsífà àti gbogbo abúlé tí ó yí wọn ká jókòó pẹ̀lú àwọn ọba wọn, kí wọ́n fúnra wọn yan oṣù tí ìbọn yóò sinmi, kí a sì kéde rẹ̀ láàárín ìlú bí a ti ń kéde ọdún. Mo ní kí wọ́n sọ tọ́ọ̀ṣì orí di èèwọ̀ fún ìgalà àti ẹtu. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, ní ọgbà ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Èjìgbò. Kí ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú ní sísin ọ̀yà, bí wọ́n ti ń ṣe ní ilẹ̀ Benin láti àwọn ọdún 1980. Kí àwa tí a ń wakọ̀ máà dúró mọ́ níwájú ẹran tí a gbé kọ́. Ní ti àwa olùkọ́ Yorùbá, kí a dín jíjókòó ti ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ kù. Kí a mú àwọn ọmọ tọ àgbà ọdẹ lọ ní ìdájí, láìmú ìbọn dání, kí wọ́n lọ wo ohun tí wọ́n ń kì.

Èdè wa ti dá ẹjọ́ yìí kí n tó dé. Ọdẹ ni a ń pe ẹni tí ó ń pa ẹran nínú igbó. Ọdẹ náà ni a ń pe ẹni tí ó ń ṣọ́ ilé àti ọjà lóru. Ẹni tí ń pa àti ẹni tí ń ṣọ́, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ẹni tí ó bá di èkíní mú, tí ó sì ju èkejì nù, ìdajì orúkọ náà ni ó ń jẹ́.

Bàbá ti kú. Ní alẹ́ tí a ṣe ìṣípà rẹ̀, àwọn ọdẹ sun ìrèmọ̀jé títí ilẹ̀ fi mọ́, wọ́n kì í, wọ́n sì kì àwọn ẹran tí ó bá pàdé láyé. Mo jókòó láàárín wọn pẹ̀lú ìtìjú, nítorí pé n kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó lọ. Àròkọ yìí ni mo fi tọrọ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Bàbá fun fèrè náà sí mi létí, èmi náà sì ti fun ún sí tiyín.